Àṣìsọ Gẹ̀ẹ́sì tó ń pani lẹ́rìn-ín: ẹ kó tiyín wá, ká sì wo ohun tó ń fà á

ẸnuDùnRòfọ́:
Ẹ kú àtijọ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Mo fẹ́ ká sọ̀rọ̀ nípa ohun kan tí mo fẹ́ràn dé ìsàlẹ̀ ikùn, ìyẹn àwọn àṣìsọ inú èdè Gẹ̀ẹ́sì, ibi tí ahọ́n ti ń yọ̀, tí ìró méjì á gba ipò ara wọn, tí gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kú sẹ́rìn-ín. Ẹni tí mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ ni àlùfáà kan tó ń jẹ́ William Archibald Spooner, wọ́n bí i ní 1844, ó kú ní 1930, òun ni ọ̀gá àgbà New College ní Oxford láti 1903 títí di 1924. Bàbá yìí ni wọ́n ní ó fẹ́ sọ pé Olúwa jẹ́ "a loving shepherd", olùṣọ́-àgùntàn onífẹ̀ẹ́, ló bá ní "The Lord is a shoving leopard", Olúwa wá di àmọ̀tẹ́kùn tó ń ti èèyàn kiri. Òun náà ni wọ́n ní ó ń bá akẹ́kọ̀ọ́ kan wí, ó fẹ́ sọ pé ọmọ náà ò wá sí ẹ̀kọ́ ìtàn òun, pé ó fi odidi sáà ṣòfò, ìyẹn "You have missed all my history lectures, you have wasted the whole term", ohun tó jáde ni "You have hissed all my mystery lectures, you have tasted the whole worm". Pé ọmọ yẹn ń ṣe ṣíì bí ejò sí gbogbo ẹ̀kọ́ àdììtú òun, ó sì tọ́ odidi ekòló wò!!

Láti nǹkan bí 1885 ni wọ́n ti ń fi orúkọ bàbá pe irú àṣìsọ yẹn ní Oxford, spoonerism, ojú ẹ̀ ló ṣe o.

Ohun tó jẹ́ kí n dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ gan-an ni pé tí ẹnìkan bá ṣìsọ báyìí, kíá làwọn èèyàn á ní olódo ni, wọ́n á ní kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Inú máa ń bí mi sí ìyẹn. Tèmi ni pé àṣìsọ ní òfin tó ń tẹ̀ lé, ẹni tí èdè ti wọ̀ lára ló sì lè ṣìsọ lọ́nà tó dùn bẹ́ẹ̀. Ẹ kó tiyín wá.

Àjàní_Onírédíò:
Haa ẹ̀gbọ́n, ibi tó ń yún mi gan-an lẹ fọwọ́ kàn! Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́ ni kí ẹ bi, torí níbẹ̀ ẹyin lohùn lóòótọ́, ó ti jáde ó ti jáde nìyẹn. Ọ̀gbẹ́ni kan wà ní Amẹ́ríkà, Harry von Zell, ọdún 1931 ni, wọ́n ń ṣe ètò fi yẹ́ Ààrẹ Herbert Hoover sí lórí rédíò, ló bá pe ààrẹ ní "Hoobert Heever". Ẹ wò ó dáadáa, kì í kúkú ṣe pé ó gbàgbé orúkọ ààrẹ, fáwẹ́lì tó yẹ kó dúró de Hoover ló sáré wọnú Herbert kí àsìkò ẹ̀ tó tó. Ó sì bá iṣẹ́ rédíò lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìyẹn o, ẹnìkan ò lé e.

Èyí tí mi ò lè gbàgbé ṣá ni ti Gordon Brown nígbà tó ń ṣe olórí ìjọba Ìlú Ọba, oṣù Kejìlá 2008, àsìkò tí báǹkì ń dẹnu kọlẹ̀ káàkiri. Ó dìde nílé aṣòfin, ó fẹ́ ní ìjọba òun ti gba àwọn báǹkì là, ohun tó bọ́ sílẹ̀ ni "we not only saved the world", pé àwọn ti gba ayé là. Kó tó tún un ṣe, ẹ̀rín ti gba gbogbo ilé kan, àwọn alátakò ń pariwo, ọ̀rọ̀ ò ṣeé sọ mọ́.

Tíṣà_Èdè:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin méjèèjì. Mo fẹ́ bu iyọ̀ sí ọ̀rọ̀ Spooner díẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má lọ máa kọ́ ọmọ pé bàbá sọ gbogbo ìyẹn tán. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Oxford ló jókòó hun èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, eré tí wọ́n ń fi í ṣe nìyẹn, wọ́n sì fẹ́ràn bàbá náà dáadáa. Àfín ni, ojú ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ríran, onínúure sì ni. Nínú àwọn tí wọ́n ń tọ́ka sí pé ó ti ẹnu ẹ̀ jáde lóòótọ́, orin ìjọ kan wà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Conquering Kings", ó wá pè é ní "Kinkering Congs".

Ẹ wá fi èyí wé àmọ̀tẹ́kùn yẹn. "Kinkering" ò nítumọ̀, "Congs" ò nítumọ̀. Báyìí ni ojúlówó àṣìsọ máa ń rí lọ́pọ̀ ìgbà, ìdajì ẹ̀ á dà bí ọ̀rọ̀, ìdajì ẹ̀ á kàn jẹ́ ìró lásán. Tí ẹ bá rí i tí apá méjèèjì nítumọ̀ rekete, tí ìtumọ̀ náà tún wá ń pani lẹ́rìn-ín, ẹ fura, ẹnìkan ló jókòó ro ó.

ẸnuDùnRòfọ́:
@Tíṣà_Èdè ẹ ṣeun ẹ̀gbọ́n, ìdí tí mo fi kọ "wọ́n ní" sí gbogbo ẹ̀ nìyẹn. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká yin àwọn ọmọ yẹn náà, iṣẹ́ ọpọlọ ni wọ́n ṣe!

Ẹni tó kó ojúlówó jọ ni Victoria Fromkin, ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ní UCLA ní Amẹ́ríkà. Obìnrin yìí ń tẹ́tí sílẹ̀ níbi gbogbo, ẹnikẹ́ni tó bá ti ṣìsọ á kọ ọ́ sílẹ̀, ó gbé àbájáde ẹ̀ jáde ní 1971, látìgbà yẹn ni kò ti sí ẹni tó lè sọ pé àṣìsọ kàn ń ṣẹlẹ̀ ṣákálá. Ẹ wo èyí. Ẹnìkan fẹ́ sọ pé òun jẹ́ "a maniac for weekends", ẹni tó ń ya wèrè nítorí òpin ọ̀sẹ̀, ó ní "a weekend for maniacs". Ọ̀rọ̀ méjèèjì pààrọ̀ ipò, àmọ́ ẹ wo "s" tó ń fi hàn pé nǹkan ju ẹyọ kan lọ, kò tẹ̀ lé "weekend" o, ibi tó wà tẹ́lẹ̀ ló dúró sí, "maniac" ló wá bá a níbẹ̀. Kódà ìró ẹ̀ yí padà, nínú "weekends" bíi z ló ń dún, nínú "maniacs" ó di s gidi.

Èkejì dùn jù. Ẹlòmíì fẹ́ sọ "an eating marathon", ó ní "a meeting arathon". Ìró m fò kúrò níwájú "marathon" lọ síwájú "eating", "an" sì sọ ara ẹ̀ di "a" lójú ẹsẹ̀ torí kọ́ńsónáǹtì ló kàn báyìí. Ta ló ráyè ronú ìyẹn? Kò sẹ́ni tó ráyè ẹ̀! Ó túmọ̀ sí pé lẹ́yìn tí àṣìṣe ti ṣẹlẹ̀ tán nínú ọpọlọ ni òfin gírámà ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ, ó ń tún ohun tó bá kù ṣe kó tó dé ẹnu. Ìgbà tí mo ka ìyẹn lẹ́rìn-ín mi di ìyàlẹ́nu, mo sì fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń pe ẹlòmíì ní olódo kà á.

Ìyá_Aláròyé:
Ẹ pẹ̀lẹ́ o gbogbo ilé. Ìbéèrè tèmi rèé, ṣebí wọ́n ní ohun tó wà ní ìkọ̀kọ̀ ọkàn ló ń bọ́ sẹ́nu, pé ẹni tó ń pe ìyàwó ẹ̀ lórúkọ obìnrin míì, ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn 😂 Ṣé irọ́ ni?

Tíṣà_Èdè:
@Ìyá_Aláròyé ẹ kú ìbéèrè màmá. Sigmund Freud ló gbé èrò yẹn jáde ní 1901, orúkọ ẹ̀ náà ni wọ́n sì ń pè mọ́ ọn, Freudian slip. Àmọ́ kó tó dé ibẹ̀, ní 1895, onímọ̀ èdè kan tó ń jẹ́ Rudolf Meringer pẹ̀lú dókítà kan, Carl Mayer, ti kó àṣìsọ èdè Jámánì jọ sínú ìwé, ohun tí wọ́n rí ni pé ìró tó jọra tàbí tó wà ní ipò kan náà ló ń pààrọ̀, kọ́ńsónáǹtì ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kọ́ńsónáǹtì ìbẹ̀rẹ̀, fáwẹ́lì pẹ̀lú fáwẹ́lì. Freud lo àpẹẹrẹ inú ìwé yẹn, ó kàn ní ìró nìkan ò tó.

Tèmi o, mi ò rò pé ọkàn ò lọ́wọ́ sí i rárá, àmọ́ èèyàn máa ń sáré jù sídìí ẹ̀. Ẹni tó pe "Hoobert Heever", kí ló wà lọ́kàn ẹ̀ tó fẹ́ fi pamọ́? Ẹni tó sì pe orúkọ míì, bóyá orúkọ àbúrò ẹ̀ ni tàbí tẹni tó bá sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn, orúkọ àwọn tó sún mọ́ wa ibì kan náà ni wọ́n jọ wà nínú orí. Ẹ má tìtorí ẹ̀ tú ilé ká o.

Àwọn mẹ́ta kan, Baars, Motley àti MacKay, ṣe ìdánwò ní 1975, wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ méjì méjì han àwọn èèyàn kíákíá, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ tò ó kí ahọ́n lè ṣì. Ẹni tó fẹ́ ka "darn bore" tètè ń sọ ọ́ di "barn door", ìlẹ̀kùn abà, torí ọ̀rọ̀ gidi ni. "Dart board" kì í tètè di "bart doard" bẹ́ẹ̀, torí kò sí nǹkan tó ń jẹ́ bart doard. Ẹ rí i, ó dà bíi pé ẹ̀ṣọ́ kan wà lẹ́nu ọ̀nà tó ń yẹ ọ̀rọ̀ wò kó tó jáde. Èyí tó jọ ọ̀rọ̀ gidi ń rọ́nà kọjá, bíi "Kinkering" náà sì máa ń bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ nígbà míì.

Ọmọ_Gírámà:
Ẹ̀yin àgbà mo kí yín o. Èyí tí mo fẹ́ràn ni kéèyàn mú ọ̀rọ̀ ńlá kan níbi tí òmíràn ló yẹ, tó sì dá a lójú dáadáa. Inú eré orí ìtàgé kan tí Richard Sheridan kọ ní 1775 ni orúkọ ẹ̀ ti wá, ìyá kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Mrs Malaprop, ìyá yìí fẹ́ sọ pé ọmọbìnrin kan lágídí bí ọ̀nì létí odò Náílì, dípò "alligator" ó ní "allegory", ìyẹn àkàwé! Àkàwé tó ń lúwẹ̀ẹ́ létí Náílì lágídí lágídí 🤣 Látibẹ̀ ni malapropism.

Ẹ̀gbọ́n @ẸnuDùnRòfọ́ èyí gbe ọ̀rọ̀ yín o, torí Fay àti Cutler yẹ irú àṣìsọ yìí wò ní 1977, àwọn tó ń jáde lẹ́nu èèyàn gidi, wọ́n rí i pé ọ̀rọ̀ tó jáde àti èyí tó yẹ kó jáde máa ń bára mu ní iye sílébù, ibi tí ohùn ti ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ máa ń jẹ́ ibì kan náà, tí ọ̀kan bá jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ èkejì á jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ. Ẹ wá wo "alligator" àti "allegory", sílébù mẹ́rin mẹ́rin, ohùn tẹ ìbẹ̀rẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀, orúkọ ni méjèèjì. Sheridan ò ka ìwádìí kankan, etí ẹ̀ ló bá a mọ̀ ọ́n ní ọdún igba ṣáájú wọn. Ìyẹn jọ mí lójú gan-an ni.

Àwọn kan sì wà tí ọ̀rọ̀ méjì á jọ dìde lẹ́ẹ̀kan náà tí ẹnu á lẹ̀ wọ́n pọ̀. George W. Bush ní oṣù Kọkànlá 2000 ní Arkansas, ó ní "they misunderestimated me", misunderstand pẹ̀lú underestimate. Wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Síbẹ̀ ohun kan náà ni òǹkọ̀wé Lewis Carroll mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ní 1871 nígbà tó lẹ chuckle mọ́ snort tó di "chortle", ìyẹn ti wà nínú ìwé atúmọ̀-èdè, kò sẹ́ni tó ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Kí nìyàtọ̀?

Òǹtúmọ̀_Àkọlé:
Iṣẹ́ mi ni kí n máa gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kí n sì máa kọ ọ́ sísàlẹ̀ fídíò, torí náà àṣìgbọ́ ni mo mọ̀ ju àṣìsọ lọ, mo sì rò pé ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni wọ́n. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Sylvia Wright kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Harper's ní 1954, ó ní nígbà tóun wà lọ́mọdé màmá òun máa ń ka ewì àwọn ará Scotland kan sóun létí, wọ́n pa Earl kan, ìyẹn ìjòyè, "and laid him on the green", wọ́n tẹ́ ẹ sórí koríko. Ohun tí ọmọ gbọ́ ni "and Lady Mondegreen". Ó gbà pé ìyáàfin kan wà níbẹ̀ tí wọ́n pa pẹ̀lú ọkùnrin yẹn, ó káàánú ẹ̀, ó fẹ́ràn ẹ̀, kò tiẹ̀ fẹ́ gba ọ̀rọ̀ tòótọ́ nígbà tó gbọ́ ọ torí Lady Mondegreen tiẹ̀ dùn jù ú lọ. Orúkọ ìyáàfin tí kò sí láyé yìí ni a fi ń pe gbogbo irú àṣìgbọ́ bẹ́ẹ̀ títí dòní, mondegreen.

Àwọn ọmọ Amẹ́ríkà náà, ẹ̀jẹ́ tí wọ́n ń jẹ́ fún àsíá nílé ìwé, "I pledge allegiance to the flag", àwọn kan ń sọ pé "I led the pigeons to the flag", mo da àwọn ẹyẹlé lọ síbi àsíá. Ta ló fẹ́ dá wọn lẹ́bi, ọmọ kékeré mọ ẹyẹlé, kò mọ allegiance.

Òmíràn ni ti obìnrin kan tó kọ acorn, èso igi oaku, ní "egg corn". Mark Liberman, onímọ̀ èdè, kọ nípa ẹ̀ lórí búlọ́ọ̀gì Language Log ní 2003, onímọ̀ èdè míì, Geoffrey Pullum, wá ní kí wọ́n máa fi egg corn náà pe gbogbo irú ẹ̀. Èyí tó wù mí jù níbẹ̀ ni "damp squid". "Damp squib" ló yẹ kó jẹ́, squib ni báńgà kékeré, tó bá tutù kò lè dún, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ fún ohun tó já kulẹ̀ nìyẹn. Àwọn tí kò mọ squib mọ́ gbé ẹran omi síbẹ̀, ó sì kúkú tutù lóòótọ́!

Ọ̀rọ̀_Tààrà:
Mo ti ń ka yín bọ̀ látàárọ̀. Mo gbà fún yín lórí àṣìsọ, ìyẹn ṣẹlẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀. Àmọ́ ẹni tó jókòó tó mọ̀ọ́mọ̀ ń fi ọ̀rọ̀ dárà lédè Gẹ̀ẹ́sì, "Time flies like an arrow, fruit flies like a banana", kí ni ọgbọ́n ibẹ̀? Ó kàn ń dá ọ̀rọ̀ dúró lójú ọ̀nà ni. Àwọn elédè fúnra wọn tí wọ́n bá gbọ́ ọ kì í rẹ́rìn-ín, wọ́n á kérora ni.

ẸnuDùnRòfọ́:
@Ọ̀rọ̀_Tààrà rárá o, mi ò gbà, èyí tẹ mú wá yẹn gan-an ọba ni láàárín wọn. Ẹ tún un kà. Ní apá àkọ́kọ́ "flies" jẹ́ ìṣe, àkókò ń fò, "like" sì túmọ̀ sí bíi. Ọpọlọ ti gba ìyẹn, ó ti fara balẹ̀ sí i, ó ń wá ohun kan náà bọ̀ ní apá kejì, àfi bí "flies" ṣe di eṣinṣin tí "like" di fẹ́ràn, eṣinṣin èso fẹ́ràn ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ò yí padà, gírámà ló dojú dé lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni tó ń kà á. Ìkérora yẹn náà, oríyìn ni, ó túmọ̀ sí pé ó mú ẹni náà.

Gẹ̀ẹ́sì sì ní ohun èlò fún un ju ọ̀pọ̀ èdè lọ torí ìtàn ìró ẹ̀. Láàárín nǹkan bí 1400 sí 1700 àwọn fáwẹ́lì gígùn inú Gẹ̀ẹ́sì ṣí kúrò láyè wọn, àwọn ọ̀rọ̀ tí ìró wọn yàtọ̀ tẹ́lẹ̀, bíi "meat" àti "meet", "sea" àti "see", wá di ìró kan náà, wọ́n sì ń pe k inú "knight" tẹ́lẹ̀ o, ìgbà tí k kú ló di ìkan náà pẹ̀lú "night". Síbẹ̀ wọn ò yí ìwé kíkọ padà. Eré ti ń pọ̀ sí i láìjẹ́ pé ẹnìkan wéwèé ẹ̀. Ó sì ń pa eré míì kú náà, nígbà ayé Shakespeare "reason" máa ń dún bíi "raisin", èso àjàrà gbígbẹ, ìdí tí Falstaff, ẹni kan nínú eré orí ìtàgé ẹ̀, fi ń sọ pé bí reason bá tiẹ̀ pọ̀ bí èso blackberry òun ò ní fún ẹnikẹ́ni ní ìkankan pẹ̀lú tipátipá. Lónìí ẹni tí kò bá mọ ìró àtijọ́ yẹn á rò pé èso yẹn kàn ṣèèṣì débẹ̀ ni.

Àjàní_Onírédíò:
Ẹ jẹ́ n gbè ẹ̀gbọ́n lẹ́sẹ̀ kíá. Oríṣi kan wà tí wọ́n ń pè ní Tom Swifty, látinú orúkọ Tom Swift, akọni inú àwọn ìwé ọmọdé Amẹ́ríkà tó bẹ̀rẹ̀ ní 1910, bí Tom bá ṣe sọ̀rọ̀ ni àwàdà máa ń wà. "This knife needs sharpening," said Tom bluntly. Ọ̀bẹ ló kú, Tom sì sọ̀rọ̀ ní kíkú, láìfi bò. Àti ti ẹnu ọ̀nà tí àwọn ọmọdé ń ṣe: Knock knock. Who's there? Lettuce. Lettuce who? Lettuce in, it's cold out here! Ewébẹ̀ kan ilẹ̀kùn, ó di "let us in".

Ọ̀rọ̀_Tààrà:
Ti ewébẹ̀ yẹn dùn o, mo gbà 😄

Òǹtúmọ̀_Àkọlé:
Àkọlé ìwé ìròyìn ń kọ́? Ibẹ̀ kò sẹ́ni tó gbèrò eré o. Ní 2009 àkọlé kan jáde pé "Violinist linked to JAL crash blossoms". Ọkọ̀ òfuurufú JAL kan já ní Japan ní 1985, obìnrin tó ń ta vaolíìnì yìí pàdánù bàbá ẹ̀ níbẹ̀, ohun tí wọ́n fẹ́ sọ ni pé iṣẹ́ ẹ̀ ti ń tanná, "blossoms". Àmọ́ ojú á ti ka "crash blossoms" pọ̀, kéèyàn wá máa bi ara ẹ̀ léèrè pé òdòdó wo ló ń jẹ́ òdòdó ìjàǹbá. Orúkọ tí irú àkọlé bẹ́ẹ̀ ń jẹ́ nìyẹn láti ọdún yẹn, crash blossoms. Ó fa ìyọnu fún mi níbi iṣẹ́ gan-an torí àkọlé ń gé ọ̀rọ̀ kúrú tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí bí ẹ ṣe máa mọ èwo ni orúkọ èwo ni ìṣe àfi kẹ́ ẹ ka ìròyìn náà tán.

Ìyá_Aláròyé:
Mo ń gbádùn yín o. Ìbéèrè kan ló kù tèmi. Tí gbogbo èèyàn bá wá ń ṣì í sọ bákan náà ńkọ́? Títí dìgbà wo ni á fi máa jẹ́ àṣìṣe?

Ọmọ_Gírámà:
@Ìyá_Aláròyé màmá, títí tí wọ́n á fi gbàgbé èyí tó tọ́ ni! "Apron" tí wọ́n ń so mọ́ àyà, "napron" ló ń jẹ́ látilẹ̀, látinú Faransé ló ti wá. "A napron, a napron", etí gbọ́ ọ ní "an apron", n ṣí kúrò lára ọ̀rọ̀ lọ bá "a", ó sì dúró síbẹ̀. "Adder", ejò olóró yẹn, "nadder" ni tẹ́lẹ̀. "Umpire" tó ń ṣe adájọ́ nínú eré ìdárayá, "noumpere" ni.

Tíṣà_Èdè:
Ó sì ń lọ lódìkejì náà. "An ewt" ló di "a newt". "Nickname" yẹn, "an ekename" ló jẹ́, "eke" nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ni àfikún, orúkọ àfikún. Wọ́n pín in síbi tí kò yẹ, n wọlé sí i lára, kò sì jáde mọ́.